Àpá iná lórí ọmọ ọdún 7: ṣé ká gbin irun sí i ni àbí ká gé àpá náà kúrò?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ní Òṣogbo níbí ni mo gbé wá. Ọmọ ọdún 7, kílò 21, jẹ́nótáìpù AS. Àbẹ́là yíyọ́ tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ ló dà sí i lórí, ó di oṣù 16 báyìí. Àbẹ́là kì í ṣe omi gbígbóná tó máa ń ṣàn kọjá. Ó lẹ̀ mọ́ irun, ó sì ń jó awọ lọ títí ó fi dì. Egbò ti jinná tipẹ́, kì í yún un mọ́.

Apá òsì ni àpá náà wà, ó ti òkè etí gòkè lọ sí ọ̀nà àtàrí. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: gígùn rẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 7, ìbú rẹ̀ 5. Àárín rẹ̀ ń dán, irun kan ò sí níbẹ̀. Etí rẹ̀ lápá ẹ̀yìn wú sókè tó mìlímítà 2. Nísàlẹ̀ lápá iwájú, ó jẹ wọ irun ẹ̀bátí díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kẹ́lọ́ìdì létí méjèèjì níbi tí wọ́n lu fún yẹtí.

Ibì kan ní Èkó ti sọ fún ìyá pé kó gbé ọmọ wá kí wọ́n gbin irun sí i, wọ́n sì ti ka iye ìdì irun tí wọ́n máa gbìn, ó jẹ́ 1,200, wọ́n ṣírò owó lé e. Ó ń bi mí bóyá kí òun máa lọ, torí "Apárí" làwọn ọmọ kíláàsì ń pè é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ̀ ọ́n kó là á: kí ni wọ́n ń kọ́kọ́ ṣe, kí ló sì máa ń bàjẹ́ níbẹ̀?

---

Oníṣẹ́-abẹ

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Wíwọ̀n tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n yẹn ti ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Ọ̀pọ̀ kàn máa ń kọ̀wé pé "àpá ńlá" ni.

Kí ìyá má tíì lọ. Irun gbígbìn kọ́ ló kàn fún àpá tó fẹ̀ tó báyìí lórí ọmọ ọdún 7.

Gbòǹgbò irun orí wà nísàlẹ̀ awọ, inú ọ̀rá ló fìdí sí, ó tó mìlímítà 4 sí 5 sísàlẹ̀. Iná tó bá jó òkè awọ nìkan, irun á padà hù. Èyí tó bá dé ọ̀rá ti pa gbòǹgbò, kò sì sí òrí, àdí tàbí minoxidil (oògùn ìhùrun) tó lè jí i. Kí wọ́n má náwó sórí ìpara kankan.

Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka di àpá náà mú, kí ẹ wò ó bóyá ó ń sún lórí eegun. Tó bá rọ̀ tó sì ń sún, inú wa dùn. Tó bá lẹ̀ mọ́ agbárí típẹ́típẹ́ bíi bébà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, ọ̀rá ò sí lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò sì ní pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọwọ́ lé awọ tó nírun ní iwájú àti ẹ̀yìn àpá, ẹ tì wọ́n síra wọn. Ẹ má retí pé á sún púpọ̀. Awọ orí ọmọdé le ju ti àgbà lọ.

Àpá tí ìbú rẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 lọ, gígé ní ìpele-ìpele ló dára jù fún un. Wọ́n á gé díẹ̀ kúrò, wọ́n á fa etí méjèèjì pọ̀, wọ́n á rán an, wọ́n á dúró bí oṣù 4 sí 6 kí awọ tún rọ̀, kí wọ́n tó gé èyí tó kù. Kò gba owó púpọ̀. Àmọ́ ti 5 yìí, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta ni wọ́n á kun ọmọ lóorun. Ibi tó sì ti máa ń bàjẹ́ ni kánjúkánjú: wọ́n á gé jù lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á fi agbára fà á pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ò ní dé gbòǹgbò irun tó wà létí ojú abẹ, irun ibẹ̀ á re, ojú rírán á sì máa fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àpá àtijọ́. Galea, ìyẹn awọ líle tó wà lábẹ́ awọ orí, ló yẹ kó ru agbára fífà náà. Kí awọ òkè kàn fara kanra ni. Abẹ gan-an, ọ̀nà tí irun dà sí ló yẹ kó tẹ̀ lé. Tí wọ́n bá kàn gé e wálẹ̀ gbọọrọ, wọ́n ti gé gbòǹgbò ìlà kan tàbí méjì nù.

Expander ni èmi máa yàn fún ọmọ yìí. Àpò sílíkóònù ni. Wọ́n á tì í bọ abẹ́ awọ tó nírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá, lábẹ́ galea, wọ́n á wá máa fi omi dírípù fẹ̀ ẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí awọ lè nà. Méjì ni mo rí fún un, ọ̀kan níwájú àpá, ọ̀kan lẹ́yìn, mílílítà 150 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní tíátà, wọ́n á ti rọ bíi mílílítà 15 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ẹ̀jẹ̀ má baà ráyè gbárajọ síbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 2 sí 3 lẹ́yìn rẹ̀, tí ojú abẹ bá ti jinná, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ butterfly gauge 23 rọ mílílítà 10 sí 15 sí i lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ìwé máa ń sọ pé kí wọ́n dúró tí awọ bá funfun. Lórí awọ dúdú, funfun yẹn kì í hàn dáadáa, nítorí náà ẹ gbọ́ ti ọmọ: tó bá ti ń dùn ún, tí awọ sì le bí bọ́ọ̀lù tuntun, ó tó. Tí ìrora ò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, kí wọ́n fa díẹ̀ jáde. Gbogbo rẹ̀ máa ń gba ọ̀sẹ̀ 8 sí 12.

Téèpù ránṣọránṣọ la fi ń mọ̀ pé ó tó. Wọ́n á wọn orí ìwú náà láti etí kan gba òkè kọjá sí etí kejì, wọ́n á yọ ìbú ìsàlẹ̀ àpò kúrò. Tí ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 7 tí téèpù sì ka 10.5, awọ 3.5 la rí ná lápá yẹn. Apá méjèèjì, 7. Ìbú àpá jẹ́ 5, àmọ́ 2 tó lé yẹn kì í ṣe àṣejù: awọ tó nà máa ń sún kì ní kété tí wọ́n bá yọ àpò. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó kùnà, ibí ló ti kùnà. Owó tán tàbí ara kan ìyá, wọ́n bá dúró ní 4.

Ẹ ṣàlàyé fún ìyá pé irun kì í pọ̀ sí i. Irun kan náà ló ń jìnnà síra. Bí àpá ò bá ju ìlàjì orí lọ, ojú kì í sábà mọ̀ ọ́n. Nínú ìpín tí McCauley tò ní 1990, àpá kan ṣoṣo tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin awọ tó nírun ni wọ́n ń pè ní IA, òun sì ni tiyín. Kò sí ẹ̀rù níbẹ̀. Agbárí lábẹ́ àpò lè wọnú díẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ ọ́, ó máa ń padà sípò.

---

Agbin-irun

Mo fara mọ́ Oníṣẹ́-abẹ, àmọ́ ká má sọ ọ́ bí ẹni pé irun gbígbìn ò níṣẹ́ tó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ àpá iná. Níbẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀. 1939 ni Okuda ní ilẹ̀ Japan ti kọ nípa fífi irin oníhò ṣí irun láti ibi tó pọ̀ lọ sí ojú àpá. Ti àwọn ọkùnrin apárí, ẹ̀yìn ìyẹn ló dé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò 1,200 tí wọ́n pè é yẹn. Àpá 7 sí 5 tó rí bí ẹyin, ẹ sọ 7 di ìlọ́po 5, kí ẹ tún fi 0.785 lọ́po rẹ̀: 27.5 ni, lójú ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin. 1,200 níbẹ̀ túmọ̀ sí nǹkan bí 44 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Orí tí iná ò jó lè bọ́ iye yẹn. Ojú àpá ò lè bọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó. 20 sí 25 la máa ń gbìn sójú àpá, ìyẹn bíi 690, oṣù 6 sí 12 lẹ́yìn náà la tó ń padà wá fi kún un. Ẹni tó bá gbin 44 lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe irun nìkan ló máa kú. Àpá fúnra rẹ̀ lè dúdú kó sì di egbò.

Ibo ni 690 yẹn á sì ti wá? Irun ìpàkọ́ àwa ènìyàn dúdú sábà máa ń wà ní ìdì bíi 60 nínú sẹ̀ǹtímítà kan. Ìyẹn á gba awọ tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 11 àtààbọ̀ tó sì fẹ̀ ní 1, lórí ọmọ ọdún 7. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí expander ṣe iṣẹ́ ńlá, kí irun gbígbìn wá ṣe ti irun ẹ̀bátí àti ojú rírán tó bá fẹ̀. Ìyẹn ò lè ju 100 sí 200 lọ.

Irun tiwa ò dúró gbọọrọ lábẹ́ awọ. Ó tẹ̀ bíi dòjé. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ lórí irun àwọn òyìnbó á ki irin mìlímítà 0.8 bọlẹ̀, á gé gbòǹgbò ní ìdajì, á fà á jáde, á rí irun láìsí ìdí. Irin 1.0 sí 1.2 ló dáa, kí wọ́n má sì kì í wọlẹ̀ jìn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yọ 10, kí wọ́n gbé e sábẹ́ gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá. Tí 3 nínú rẹ̀ bá ti gé, kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró, kí wọ́n pààrọ̀ irin tàbí kí wọ́n yí ọwọ́ padà. Oore irun wa ni pé kíká rẹ̀ ń bo awọ: díẹ̀ nínú rẹ̀ bo ibi tí irun gbọọrọ ò lè bò.

Ṣáájú ohun gbogbo, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún ojú àpá ní ibi mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí ẹ̀jẹ̀ bá yọ wàràwàrà, ibẹ̀ á gba irun. Tí ó bá rọra yọ tàbí tí kò yọ rárá, wọ́n lè fa ọ̀rá láti ikùn, kí wọ́n rọ ọ́ sábẹ́ àpá, kí wọ́n sì dúró bí oṣù mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n gbin 50 péré fún ìdánwò, kí wọ́n kà á ní oṣù 6 sí 8. Kí wọ́n má da adrenaline (oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀) sójú àpá bí wọ́n ṣe ń dà á sí orí tó dáa, torí ẹ̀jẹ̀ tó wà níbẹ̀ ò tó láti ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Irun tí wọ́n ti yọ, kó wà nínú omi dírípù tútù. Tó bá gbẹ lórí ìka tàbí lórí gọ́ọ̀sì fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, ó ti kú, bẹ́ẹ̀ ojú ò ní mọ̀ títí oṣù kẹrin á fi pé.

Kẹ́lọ́ìdì ìyá rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ẹ̀yìn ọrùn ni kẹ́lọ́ìdì ti fẹ́ràn láti yọ, nítorí náà òkè ìpàkọ́ ni kí wọ́n ti mú irun, kí wọ́n má sọ̀kalẹ̀ síbi tí irun ti ń pin. Kí wọ́n kọ́kọ́ gún ihò 2 tàbí 3 síbẹ̀, kí wọ́n máa wò ó fún oṣù 3 sí 6.

---

Nọ́ọ̀sì Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dì í mú: àpá náà rọ̀, ó ń sún, àyàfi etí tó wú yẹn. Ìyá ń bi mí pé tó bá jẹ́ irun ẹ̀bátí nìkan ńkọ́, ṣé wọn ò lè fi abẹ́rẹ́ mú ibẹ̀ kú kí wọ́n ṣe é kó tó wọ kíláàsì tuntun? Ọmọ náà kì í jókòó sójú kan o.

---

Akunilóorun

Ẹ ti dá ara yín lóhùn. Ọmọ tí kì í jókòó sójú kan ò lè fara da wákàtí méjì abẹ́rẹ́ lórí. Kí ó tó ọdún 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbà bẹ́ẹ̀ láìsùn. Oorun fún expander ní ìdí tó wúwo. Oorun fún irun 150 kò ní. Ó lè dúró.

Lignocaine, oògùn abẹ́rẹ́ tó ń mú ibi kan lára kú, ńkọ́? Kílò 21, mílígíráàmù 7 fún kílò kan tí adrenaline bá wà nínú rẹ̀: 147. Ti 1% ní mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, nítorí náà mílílítà 14 ni òpin. Tó bá jẹ́ 2%, 7 péré. Ìgò méjèèjì jọra wọn, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Tí kò bá sí adrenaline, 4.5 fún kílò kan, ìyẹn bíi mílílítà 9 ti 1%. Awọ orí lẹ́jẹ̀, oògùn á tètè wọ inú iṣan. Tí ọmọ bá ń sọ pé ètè òun kú, pé etí òun ń ró wíìì, tàbí tí ojú rẹ̀ bá ń ṣẹ́, kí wọ́n dúró. Kí Intralipid 20%, omi ọlọ́ràá tí wọ́n ń rọ sínú iṣan tí lignocaine bá pọ̀ jù lára, wà nínú yàrá náà, kì í ṣe nínú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tì. Mílílítà 31 ni wọ́n á kọ́kọ́ fún un. Ẹ bi ibi tí wọ́n ń lọ ní Èkó bóyá wọ́n ní i.

Ti expander: PCV (ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ pupa) kó tó 30. Ọmọ kílò 21 ní ẹ̀jẹ̀ bíi mílílítà 1,500, orí sì máa ń ṣẹ̀jẹ̀ gan-an. Gọ́ọ̀sì kékeré kan tó rin gbingbin ti tó 10, nítorí náà 15 nínú rẹ̀ ti jẹ́ ìdá mẹ́wàá ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Kí wọ́n kà á. Oúnjẹ kó kásẹ̀ ní wákàtí 6 ṣáájú, ẹ̀kọ mímu pẹ̀lú, torí oúnjẹ ni ẹ̀kọ. Omi lásán, wákàtí 2. Ikọ́ tàbí ibà, ẹ sún un síwájú. AS kò dí wa lọ́wọ́. SS ni ìbá gba ètò mìíràn.

---

Matron Tíátà

Ilé ni expander ti ń bàjẹ́ jù, kì í ṣe tíátà.

Ọmọ yìí ò gbọdọ̀ ru nǹkan kan lórí: omi, igbá ọjà, búrẹ́dì, kódà báàgì ìwé. Ẹ sọ fún gbogbo ilé, torí ìyá àgbà tó wá kí wọn ni yóò dì í ní òṣùká. Kí ó má gbá bọ́ọ̀lù, kí ó má gun ọ̀kadà, kí ó má ti apá ibẹ̀ sùn. Gèlè tàbí fìlà tó fún, rárá. Síkáàfù fẹ́lẹ́ ló dáa, torí orí á wú bí ẹni gbé ẹyin ògòǹgò sábẹ́ awọ, àwọn èèyàn á sì máa wò ó. Kí olùkọ́ rẹ̀ mọ̀ ṣáájú. Bóyá kí wọ́n mú àsìkò ìsinmi gígùn ní oṣù keje sí kẹsàn-án.

Kí wọ́n lo ìpara tó ń mú awọ kú sí ibi tí abẹ́rẹ́ máa gún, wákàtí kan ṣáájú. Tí wọn ò bá lò ó, ọmọ á ké títí ọ̀sẹ̀ kẹta, ìyá á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọjọ́ jẹ.

Awọ tó pọ́n tó sì gbóná, ibà, ọyún, tàbí ìwú tó ṣàdédé fọ́: ọjọ́ náà ni kí wọ́n gbé e wá. Tí àpò bá ti yọjú síta, kí ẹnikẹ́ni má tì í padà. Tó bá ku díẹ̀ kó parí, wọ́n lè fi awọ tó ti nà ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tó bá jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á tún dúró bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà.

Nígbà tó bá dàgbà tó sì wá gbin irun ẹ̀bátí: omi dírípù ni kí wọ́n máa fín sí i lọ́jọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí orí ga lórí ìrọ̀rí. Èépá á máa bọ́ láàárín ọjọ́ 7 sí 10. Kí wọ́n má há a. Irun á re ní ọ̀sẹ̀ 2 sí 6, ìyá á sunkún, kò sì sí nǹkan tó bàjẹ́. Oṣù 3 sí 4 ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ọdún kan sí ọdún kan àtààbọ̀ kí a tó ṣèdájọ́.

---

Onídìrí Ìgbóná

Kékeré ni tèmi. Ní báyìí ná, ẹ má fi gọ́ọ̀mù wíìgì kan àpá yẹn. Tí wọ́n bá ń ṣí i, awọ á bá a bọ́. Ẹ má di irun etí àpá le láti fi bò ó, ibẹ̀ ni á tún pá. Kí wọ́n dì í ní ńlá-ńlá láti apá ọ̀tún wá, kó dẹ̀, kí ìyókù ṣubú bo òsì. Rìláàsà, kí ó má dé orí ọmọ yìí rárá. Oòrùn ń jó ojú àpá, kí ó máa dé fìlà tó fẹ̀ létí tí kò sì fún jáde lọ́sàn-án.

---

Oníṣẹ́-abẹ

Etí tó wú yẹn la máa kọ́kọ́ bá jà, pàápàá pẹ̀lú kẹ́lọ́ìdì ìyá. Triamcinolone, oògùn tó ń mú àpá tó wú rọlẹ̀, mílígíráàmù 10 nínú mílílítà kan, inú àpá gan-an ni wọ́n á rọ ọ́ sí, kì í ṣe abẹ́ rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Bó ṣe dáhùn sí ìyẹn ló máa sọ fún wa bí ojú abẹ rẹ̀ á ṣe jinná.

Ẹ kọ ìwé fún un láti UNIOSUN Teaching Hospital níbẹ̀ lọ sí ẹ̀ka plastic surgery ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí UCH Ìbàdàn. Èyí tí wọ́n á lè máa lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 12 láìjẹ́ pé owó mọ́tò dá wọn dúró ni kí wọ́n mú. Ẹ ya fọ́tò àpá náà láti iwájú, ẹ̀gbẹ́ àti òkè, kí ẹ fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ ọjọ́ tó jóná, ohun tó jó o, bóyá wọ́n lẹ awọ mọ́ ọn nígbà náà, PCV àti jẹ́nótáìpù, kí ẹ sì kọ kẹ́lọ́ìdì ìyá sí òkè pátápátá, kó má fara sin. Tí ibì kan lójú àpá bá tún là tí kò sì jinná láàárín ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Jẹjẹrẹ lè yọ nínú àpá iná tó bá ń lanu léraléra, kí wọ́n gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.